Góòlù Fàsásì àti Àwo Obì Tí Wọn Kò Bó

Nígbà tí Fàsásì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé, èmi ni mo kọ́kọ́ fò sókè ní gbogbo ìhà ọ̀dọ̀ wa. Fìlà mi fò lọ bá ọkùnrin kan níwájú, n kò sì rí i gbà títí di òní. Gbogbo wa ń retí pé kí ọmọ náà jó. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: tó bá ti gbá a wọlé, á sáré lọ sí igun pápá, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á máa mì bí ẹni tí eèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, kò jó. Ó rọra rìn lọ sí àárín koríko, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó tẹ orí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ọ̀tún họ nǹkan kan tí kò sí ní àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀. Ó họ ọ́, ó yí i po, ó wò ó bóyá kòkòrò wà níbẹ̀, ó sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ bíi pé agbọ̀n kan wà níbẹ̀. Ó mú òmíràn.

Kò sí ọmọ Ṣàgámù kan tí wọ́n máa ṣàlàyé ìyẹn fún. Ọmọ náà ń bó obì.

Ẹ̀rín bú jáde. Ìyá arúgbó kan lẹ́yìn mi ń pariwo pé, "Ó mọ̀ ọ́n bó! Ẹ wo bó ṣe ń fi èékánná wá ojú rẹ̀!" Rẹfirí dúró tì í, ó ń fi súfèé họ orí, nítorí ará ọ̀nà jíjìn ni, kò sì mọ irú ẹ̀ṣẹ̀ tí èyí jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Lábẹ́ àtíbàbà àwọn ẹni ńlá, Olóyè Ilésanmí, alága àti ẹni tó ni Ìjì Ṣàgámù, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, ti pa ẹnu mọ́ gbáà.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Lẹ́bàá ògiri pápá náà, ní ìhà tó kọjú sí ọ̀nà Ìbídò, ni àwọn obìnrin ti ń bó gbànja kí ẹnikẹ́ni tó dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan sílẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á bó awọ funfun ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á ṣà á, wọ́n á sì fi ewé gbòdògì dì í sínú agbọ̀n fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè Ọya. Ibẹ̀ ni ìyá wa jókòó sí. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi Hàbíbátù, ìyá Fàsásì, jókòó sí. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú góòlù yìí ni Ilésanmí ní kí gbogbo wọn kó kúrò, nítorí ibẹ̀ ni òun fẹ́ kí àwọn àlejò pàtàkì máa gbọ́kọ̀ sí. Wọ́n kó lọ sí etí títì Òde Rẹ́mọ, níbi tí oòrùn ti ń ta sí obì, tí èéfín tírélà sì ń ta sí ẹni tó ń bó o.

Kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ẹ̀sùn kàn mí: èmi àti Ilésanmí ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo gbá bọ́ọ̀lù kan kọjá láàárín òkúta méjì tí a fi ṣe ojú ilé. Ilésanmí ni gólì. Ó ní bọ́ọ̀lù náà gba orí òkúta kọjá. Tíṣà gbà á gbọ́ nítorí pé aṣọ rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Kì í ṣe torí góòlù yẹn, àmọ́ mo gbé góòlù yẹn dání jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Olúkẹ́mi, akọ̀wé ẹgbẹ́, pe Fàsásì lórí fóònù. Ọmọ náà gbé e sí ìta gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Fàsásì, jọ̀ọ́, má wá sí ìdánrawò lọ́la. Wọ́n ti dá ẹ dúró ná. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ẹ lọ́jọ́bọ̀."

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Àdéhùn iṣẹ́ ẹ sọ pé agbábọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ ṣe àmì tó ń tàbùkù ẹgbẹ́ lórí pápá. Tí wọ́n bá ní o jẹ̀bi, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mú ẹbí ẹ wá tí o bá fẹ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi fúnra mi rẹ́rìn-ín o. Má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde kí fóònù tó kú. "Á lọ bẹ̀ ẹ́. Á dọ̀bálẹ̀, á ní iṣẹ́ èṣù ni."

"Èṣù wo ló ń bó obì?" ni mo bi í.

"Yésúfù, gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún. Torí bọ́ọ̀lù òkúta méjì, ìwọ fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi."

"Ó wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Bọ́ọ̀lù yẹn wọlé."

"Ó wọlé, kò wọlé, àwọn òkúta yẹn gan-an ti gbàgbé!"

Fàsásì ń wo ilẹ̀. "Màámi, tó bá jẹ́ pé mo bú u ni, màá dọ̀bálẹ̀. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ yín ni mo ṣe níbẹ̀, bí ẹ ṣe ń ṣe é gan-an. Tí mo bá lọ tọrọ àforíjì lórí ẹ̀, kí ni mo ń sọ nípa yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi bá lọ ro ọbẹ̀ tí kò béèrè fún ríro.

Ìta ni ọmọ náà ti wá sọ tòótọ́ fún mi. "Ẹ̀rù ń bà mí o, Bọ̀dá. Kò sí ẹgbẹ́ tó máa gbà mí láàárín sáà. Tí wọ́n bá lé mi báyìí, àfàìmọ̀ kí bọ́ọ̀lù má parí fún mi." Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀wù Ìjì, ẹ̀wù náà ló wọ̀ sùn. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo jí i.

"Ṣé o fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Rárá o."

"Ó dáa. Jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà ẹ́, ṣùgbọ́n má dìde níbi tí o jókòó sí."

Kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, ìlú ti ya wèrè. Ẹ kí ènìyàn, á bó obì fún yín. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń bó o lórí ìlà. Ọlọ́kadà tó gbé mi fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti fi hàn mí bí Fàsásì ṣe ṣe é, mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ gbé mi délé.

Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti Fàsásì jọ lọ. Nínú yàrá ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì: Ilésanmí láàárín nínú agbádá tó le gbandi, Olúkẹ́mi pẹ̀lú ìwé àdéhùn ní ọ̀tún rẹ̀, àti Kóòṣì Hàrúnà ní òsì, tó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ jáde. Wọn ò lè bẹ̀rẹ̀, nítorí obì kò tíì dé. Ní Ṣàgámù, ẹ lè gbàgbé àga, ẹ lè gbàgbé omi, ṣùgbọ́n ta ló máa ṣe ìpàdé láìgbé obì síwájú àwọn àgbà? Ṣáájú àsìkò yìí, Fẹ́mi ìránṣẹ́ wọn kàn máa ń na ọwọ́ kọjá lórí ògiri ni, àwọn obìnrin á sì kó èyí tó ń dán gbinrin fún un.

Fẹ́mi wọlé, ó gbé àwo kalẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn kíákíá.

Gbogbo wa wo àwo náà. Obì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ funfun ṣì wà lára gbogbo rẹ̀, ó tutù, ó rí bọ̀kọ̀tọ̀.

"Fẹ́mi," ni Ilésanmí wí, "kí nìyí?"

"Obì ni, sà."

"Mo rí i pé obì ni. Kí ló wọ̀ sọ́rùn?"

"Ẹ má bínú, sà. Àwọn tó ń bó o ò sí lẹ́bàá ògiri mọ́. Ọwọ́ àgbẹ̀ kan ní gáréèjì ni mo ti rà á. Ó ní òun ti rẹ ẹ́ sómi, pé ibi tí iṣẹ́ tòun mọ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi fi gèlè bo ẹnu. Èmi ò bo tèmi.

"Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀," ni Ilésanmí wí. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Olúkẹ́mi ka ẹ̀sùn náà, ó sì yíjú sí Fàsásì. "Lẹ́yìn tí o gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kí ni o ṣe?"

"Mo jókòó, mà."

"Ọwọ́ ẹ ńkọ́?"

"Ó wà lára mi, mà."

Kóòṣì Hàrúnà wúkọ́ wúkọ́ títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Ilésanmí lu tábìlì. "Má fi wá ṣeré! Àmì lo ṣe. Àmì àbùkù!"

"Àmì kí ni, Olóyè?" ni mo bi í.

"Yésúfù, ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ ní kí ó mú ẹbí wá. Ẹbí ti dé. Àmì kí ni?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti ná ara òun fún ẹgbẹ́ yìí. Ó ní tí agbábọ́ọ̀lù bá ní nǹkan lọ́kàn, ilẹ̀kùn òun wà ní ṣíṣí, kì í ṣe iwájú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, tó ń bínú, àwo náà wà níwájú rẹ̀, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó jáde lábẹ́ agbádá. Ó mú ẹyọ obì kan. Kò wò ó. Àtàǹpàkò rẹ̀ wá ibi tí awọ ti là, ó wọ̀ ọ́, ó fà á, awọ ṣí. Ó yí i po, ó gbé e sórí ìwé àdéhùn. Ó mú òmíràn.

"Kò sí ọmọlúàbí," ni ó ń wí, awọ kejì ti bọ́ sílẹ̀, "tó máa jókòó níta gbangba, tó máa máa fi ọwọ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àfi tó bá fẹ́ fi ẹlòmíì ṣẹ̀sín!"

Olúkẹ́mi ti dáwọ́ ìwé kíkọ dúró. Kóòṣì ti gbàgbé fèrèsé. Fàsásì bu ètè rẹ̀ jẹ, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi di àga mi mú, nítorí ẹsẹ̀ mi fẹ́ jó. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ìyá ọkùnrin yìí àti ìyá tiwa ló jọ jókòó lẹ́bàá ògiri yẹn. Kí ó tó mọ ìwé kà ló ti mọ obì í bó.

Ó mú ẹ̀karùn-ún. Inú ń bí i gan-an nísinsìnyí, ó sì tẹ èékánná bọ̀ ọ́ jù.

"Ilésanmí!" Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Rọra! Èékánná ẹ ti ń wọ ara obì! Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa sọ fún ẹ?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí Hàbíbátù," ni Olóyè Ilésanmí wí kíá, ó sì tẹ orí ba bí ọmọdé.



Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo obì mẹ́rin tó ń dán lórí ìwé àdéhùn, ó wo ẹ̀karùn-ún tó há sí àtàǹpàkò rẹ̀, ó wo awọ tó kún itan agbádá.

Olúkẹ́mi gbé bírò. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Sà, ṣé kí n kọ ọ́ pé alága náà ṣe àmì?"

Kóòṣì Hàrúnà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Fẹ́mi, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà gbogbo wa. Fàsásì gbé orí lé tábìlì, ẹ̀gbọ́n mi ń nu ojú, ó ń sọ pé, "Ẹ dárí jì mí, ẹ dárí jì mí." Mo sì rí i pẹ̀lú ojú mi: Ilésanmí fẹ́ bínú, ẹnu rẹ̀ sì kọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ sórí àwo.

Nígbà tó rí èémí mí, ó ní, "Kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ wo ọwọ́ ọmọ náà, wọn ò rí àbùkù níbẹ̀. Kó padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Ògiri ńkọ́?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Àǹtí, àwọn àlejò mi ní ọkọ̀."

"Àwa náà ní ìdí tí a fi ń jókòó. Ṣé irú obì yìí ni wàá máa gbé síwájú wọn?"

Ó wo àwo náà. "Ìdajì ògiri, nígbà náà."

"Ìdajì tó ní ìbòòji."

"Ẹ gbà á, Àǹtí."

Ṣùgbọ́n Ilésanmí ṣì ni Ilésanmí. Ó ní Fàsásì ò ní bẹ̀rẹ̀ eré ní Sátidé, nítorí kò wá sí ìdánrawò láti ọjọ́ Ajé. Òun ló ní kí ó má wá! Mo ti dìde láti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ìhà.

Ní Sátidé, ìgbà tí eré ń lọ sópin ni wọ́n tó mú ọmọ náà wọlé. Kò gbá góòlù kankan. Ẹlòmíì ló gbá a. Àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá, títí kan gólì wa lókèèrè lọ́hùn-ún, jókòó sórí koríko, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì bó obì. Gbogbo wa bó o pẹ̀lú wọn. Lódìkejì ògiri, àwọn obìnrin tí wọn ò rí nǹkan kan ń bó tiwọn, wọ́n ń béèrè pé, "Ta ló gbá a? Ta ló gbá a?"

Lẹ́yìn eré, Ilésanmí wá sí ìdí ògiri wá gba obì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, inú mi náà dùn, mo sì rò pé ọjọ́ náà gan-an ló pé.

"Ilésanmí," ni mo wí, "bọ́ọ̀lù kíláàsì kẹrin yẹn. Láàárín èmi àti ìwọ. Ó wọlé, àbí kò wọlé?"

Ó ju ìlàjì obì sẹ́nu, ó rún un, ó wo ojú mi dáadáa.

"Orí òkúta ló gbà kọjá," ni ó wí.

Mi ò ní dárí jì í láéláé.