Ẹ̀dọ̀ Ajá

Dókítà Ọmọ́táyọ̀, oníṣègùn ẹranko, na òkú ajá kan gbalaja sórí tábìlì irin, ó ń fi ọ̀bẹ tú okùn tí ẹnìkan fi rán ikùn rẹ̀. Òun kọ́ ló rán an. Òkú ajá tí wọ́n gbé dé Yaba nínú àpò ìrẹsì, ta ló ti kọ́kọ́ là á?

"Ẹ̀gbọ́n Ṣàfíù, ta ló ṣí ajá yìí?"

Mẹkáníìkì tó ni ajá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi fìlà bo imú. "Èmi kọ́ o, Dókítà. Ẹ ṣáà bá mi wá májèlé yẹn. Theophilus tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Muṣin ló fi pa Ṣọ́jà."

"Ṣé ó bu ẹnikẹ́ni jẹ kó tó kú?"

"Ṣọ́jà kẹ̀? Ajá tó ń sá fún adìyẹ!"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ọwọ́ bọ inú ajá. Ẹ̀dọ̀, tí í ṣe ibi tí májèlé máa ń pamọ́ sí, kò sí níbẹ̀. Inú bí i. Kí ni wọ́n tún ní kó wá, nígbà tí wọ́n ti mú ibi tí yóò wá a kúrò?

Ìgbà náà ló rí òróòro. Ó wà lódindi, kò bẹ́. Ẹni tó mú ẹ̀dọ̀ ti rọra gé òróòro kúrò lára rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ fi ẹ̀rí pamọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ se ẹ̀dọ̀, tí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ korò, ni í ní irú sùúrù yẹn.

Ta wá ni í jẹ ẹ̀dọ̀ ajá, tí í fi gbogbo ẹran yòókù sílẹ̀? Ó ti gbọ́ ọ rí: wọ́n ní ẹni tí ajá bá bù jẹ, ẹ̀dọ̀ ajá náà ni oògùn rẹ̀. Ajá yìí ti bu ẹnìkan jẹ nìyẹn.

Ó la àpòlúkù: òkúta, àkísà, èérún pákó, kò sí oúnjẹ. Ó la orí, ó mú díẹ̀ nínú ọpọlọ, ó fi oògùn àyẹ̀wò sí i. Nígbà tó wò ó lọ́sàn-án lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, àwọn àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé ń tàn nínú òkùnkùn.

Ó jáde. "Dìgbòlugi ni. Theophilus kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ta ló jẹ ẹ̀dọ̀ yẹn?"

Ṣàfíù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá mi ni. Wọ́n ń ṣe àlùwàlá ni Ṣọ́jà bù wọ́n jẹ lẹ́sẹ̀. Dókítà, mo ń gbàdúrà kó jẹ́ májèlé."

"Ṣé wọ́n mọ ohun tí wọ́n jẹ?"

"Àlájà Ìdíátù? Há! Mo ní ẹ̀dọ̀ màlúù ni. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n ra òmíràn wá."

"Ṣé wọ́n ṣì ń mu omi?"

"Wọ́n mu kókò láàárọ̀ yìí."

"Ààyè ṣì wà nìyẹn. Tí àrùn yìí bá fi dé ọpọlọ, tí wọn ò lè gbé omi mì mọ́, kò sí dókítà tó lè gbà wọ́n. Abẹ́rẹ́ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ̀yin náà, tí ẹ fi ọwọ́ yín gé e."

"Wọ́n á kọ̀ mí lọ́mọ. Kí ni màá wí?"

"Ẹ ní ajá tó bù wọ́n jẹ ya dìgbòlugi. Ìyẹn ló lè pa wọ́n. Ti ẹ̀dọ̀, ẹ̀yin lẹ sè é, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pè wọ́n."

A kì í fi irú òkú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Dókítà dì í kí wọ́n lè dáná sun ún, ó fi oògùn apakòkòrò fọ tábìlì, ó rẹ ọ̀bẹ sínú rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dá kẹ̀kẹ́ márúwá kan dúró.

Ṣàfíù ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Màámi, ẹ múra sílẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé yín... Rárá, Màámi. Mi ò ra ẹ̀dọ̀."

Dókítà ti wọlé jókòó. Ó sún kúrò fún un. "Ẹ wọlé," ló wí. Kẹ̀kẹ́ gbéra, ó di Muṣin.