Epo Tó Dúró Lẹ́nu Ìgò

Ṣadé, gbọ́ àlá tí mo lá: màámi tó ti dolóògbé wá sí yàrá ìwádìí wa lójú àlá àná. Wọ́n gbé iṣu sísè síwájú mi, wọ́n sì fẹ́ da epo dúdú wa, èyí tó ní irin kíkúnná nínú, sí i. Ta ní ń jẹun lójú àlá? Mo sáré tan òòfà oníná mànàmáná tí a fi ń dán epo náà wò, èyí tó máa ń fa irin inú rẹ̀ pọ̀. Ni epo náà bá ki, ó dúró lẹ́nu ìgò, kò ṣàn mọ́. Màámi pàtẹ́wọ́: "Háà, iṣẹ́ tí ò ń ṣe nìyí! Mo mọ̀ pé o ò ní jẹ ẹ́, mo kàn fẹ́ rí i ni."

Mo jí. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, àmọ́ ebi iṣu yẹn ló ń pa mí láti àárọ̀.