Ewé Gúáfà Lórí Àwo, Ewé Gúáfà Nínú Ife

1.

…oògùn yẹn náà ò ká kòkòrò náà. Ní yàrá àyẹ̀wò, Àbúrò tún gbé àwo pẹrẹsẹ tó gbin kòkòrò sí sábẹ́ iná. Ó ti to bébà róbótó róbótó sórí rẹ̀, ó fi oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo oògùn tó wà nílé ìwòsàn ló fi dán an wò. Kòkòrò àrùn hù títí dé etí wọn, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ku èyí tó fi omi ewé gúáfà rẹ.

Yíká rẹ̀ mọ́ roro. Kòkòrò kan ò débẹ̀.

2.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ìtọ̀ tí kòkòrò náà ti wá:

OBÌNRIN. ÀGBÀ. IBÀ. ARA Ń GBỌ̀N. ÌTỌ̀ Ń TA Á.

Kò sí orúkọ. Àbúrò ò nílò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò náà wá láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀.

3.

Ó rò ó dáadáa kó tó ya fọ́tò àwo náà.

Rárá. Kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ló yá ju orí lọ. Ó fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń tọ́jú ìyá wọn ní wọ́ọ̀dù.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo nǹkan. Ewé gúáfà pa á.

Ẹ̀GBỌ́N: Kòkòrò ti Màmá?

ÀBÚRÒ: Òun gan-an.



4.

Dókítà ti bá wọn sọ ọ́ láàárọ̀. Àrùn náà ti gòkè láti àpò ìtọ̀ lọ sí kíndìnrín. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì ti ránṣẹ́ lọ mú un wá láti ìlú mìíràn. Abẹ́rẹ́ náà le, ó lè pa kíndìnrín lára, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn. Kí wọ́n ní sùúrù. Kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan lẹ́yìn omi.

Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́.

5.

Ọ̀gá Àbúrò ní yàrá àyẹ̀wò jẹ́ àgbà obìnrin tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó wo àwo náà, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo Àbúrò.

Ọ̀GÁ: Kí lo fi yọ omi ewé yìí?

ÀBÚRÒ: Sípírítì, mà. Mo jẹ́ kó fẹ́ lọ tán, mo wá fi ìyókù rẹ bébà.

Ọ̀GÁ: Tí èèyàn bá gbé e mì, èló ni yóò dé inú ìtọ̀?

ÀBÚRÒ: Mi ò mọ̀.

Ọ̀GÁ: Kí ni yóò ṣe fún kíndìnrín tó ti wú?

ÀBÚRÒ: Mi ò mọ̀, mà.

Ọ̀GÁ: Èmi náà ò mọ̀. Iṣẹ́ gidi lo ṣe yìí, a óò tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀. Àmọ́ àwo ni. Kì í ṣe èèyàn. Ta lo ti sọ fún?

6.

Ó ti ń sáré.

7.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fún Màmá ní nǹkan kan.

ÀBÚRÒ: Ẹ gbé fóònù.

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́.

8.

Ní wọ́ọ̀dù, òórùn ewé sísè ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Fúláàsìkì wà lórí tábìlì, ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Ife wà lọ́wọ́ Màmá. Ó ti mu ún dé ìdajì.

Àbúrò rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé sípírítì lòun lò, pé èyí tí wọ́n fi omi sè yìí kì í ṣe nǹkan kan náà, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó lè ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní láti àárọ̀ lòun ti ń wo ìyá òun tí eyín rẹ̀ ń lu eyín. Àwọn tó ní kí òun ní sùúrù, ìyá tiwọn kọ́ ló wà lórí ibùsùn.

"Ìwọ lo ní ó pa á."

"Lórí àwo ni."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Màmá ní kí wọ́n yé jà lé òun lórí, òun ò tíì kú, wọn ò sì tíì lè máa pín ẹrù òun.

9.

Dókítà wọlé. Abẹ́rẹ́ ti dé. Ó béèrè bóyá Màmá ti mu nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n ti fúláàsìkì sẹ́yìn ìrọ̀rí.

Màmá wo Àbúrò. Tí Àbúrò bá sọ ọ́, Dókítà lè dá abẹ́rẹ́ dúró, ibà ò sì ní dúró dè wọ́n. Tí kò bá sọ ọ́, abẹ́rẹ́ àti ewé lè jọ pàdé nínú kíndìnrín tó ti rẹ̀.

"Màmá ti mu omi ewé gúáfà. Ìdajì ife. Èmi ni mo fà á."

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Kò bínú. Ìyẹn ló ba Àbúrò lẹ́rù jù.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà ṣàn sínú àpò lábẹ́ ibùsùn. Ó ní òun ń lọ pe ẹni tó mọ̀ ju òun lọ. Kí wọ́n máa ṣọ́ rọ́bà náà. Bí ìtọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, kíndìnrín ṣì ń ṣiṣẹ́, òun á fún un lábẹ́rẹ́. Bí kò bá sọ̀…

Ó jáde lọ.

10.

Rọ́bà gbẹ.

11.

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, èjìká kan èjìká. Màmá ti sùn. Tàbí ó kàn dijú ni.

"Ṣé òun nìyẹn?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

Nǹkan kan tàn nínú rọ́bà. Ó lè jẹ́ ìtọ̀. Ó lè jẹ́ iná òkè.

Àbúrò tẹ orí ba, ó sún mọ́ ọn. Ìtọ̀ ni: ó kán tó sínú àpò.