Ọlọ Tí Mo Pọ̀n Sẹ́yìn

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín kí n tó parí, kò ní jẹ nínú ẹran ìkórè.

Ẹ ṣáà mọ èmi àti Fẹ́híntọlá. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi jọ kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin, ìwé orin kan ṣoṣo la sì jọ ń wò. Àfi ọjọ́ tó ní mò ń fa orin sẹ́yìn, lójú gbogbo èèyàn! Mo ní ohùn tirẹ̀ náà ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta tí epo tán nínú rẹ̀. Ó parí. Ọdún mẹ́ta, a ò kí ara wa. Ó ṣàìsàn, mi ò lọ wò ó. Ìyá mi kú, kò yọjú. Lọ́la ló sì ń kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, kò ní padà mọ́.

Nínú àlá náà, mo gbé iṣu ńlá kan lọ sí ìkórè. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu húkọ́.

“Bàbá Ìbídùn, sọ̀ mí kalẹ̀.”

“Ṣé ó rẹ̀ ọ́ ni? Ṣebí èmi ni mo gbé ọ.”

“Ìwọ àti Fẹ́híntọlá ń yodì. Jésù ní kó o kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ rẹ́, kó o tó mú ẹ̀bùn wá. Mi ò dé pẹpẹ.”

Pé iṣu sọ̀rọ̀ kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó dùn mí ni pé iṣu tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ń gbè sẹ́yìn Fẹ́híntọlá. Mo ní òun ló kọ́kọ́ bú mi. Iṣu ní ká lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń yodì.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. A di okùn agogo mú, agogo dún, okùn sì fà wá gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀ nínú kóòtù. Ọ̀gá wọn wò mí tìka-tẹ̀gbin.

“Bàbá, kí lẹ pọ̀n?”

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Yéè! Ọlọ ni, ọlọ ata, mo fi ọ̀já pọ̀n ọ́n bí ọmọ, ó sì ń ké.

“Ìbínú yín nìyẹn,” ọ̀gá ní. “Kí lẹ fi ń bọ́ ọ tó fi tóbi báyìí?”

“Ohun tí Fẹ́híntọlá sọ ni. Láràárọ̀ ni mo máa ń tún un sọ kí n tó gbàdúrà. Nígbà mìíràn mo máa ń fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.”

“Àdúrà náà ńkọ́?”

“Kí n tó sọ ọ́ tán, ilẹ̀ ti máa ń ṣú.”

Wọ́n ní àwọn á fún mi ní ìwé àṣẹ láti sọ ọlọ náà kalẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ buwọ́ lù ú? Ìjà dé. Ọ̀kan ní òun ló dàgbà jù, èkejì ní òun ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn ni ìwo ń yọ lórí wọn, tí irùngbọ̀n wọn ń gùn. Kò pẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òbúkọ. Wọ́n kan ara wọn títí, wọ́n sì jẹ ìwé mi. Mo ní, “Ẹ kú oúnjẹ, ẹ̀yin ọ̀gá.” Ọ̀gá wọn ní, “Mẹ̀ẹ̀ẹ́.” Mo dá a lóhùn pé ó yé mi.

Ìjà yẹn dùn mọ́ ọlọ nínú, ó tún wúwo sí i. Ọ́fíìsì ò gbà á mọ́, ó gbé èmi àti iṣu já lulẹ̀ sí àgbàlá Fẹ́híntọlá. Òun náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọlọ tirẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní láti ọdún mẹ́ta, orí ìdúró lòun ti ń sùn. Inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀ pé tirẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Lẹ́yìn náà, àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Tú u sílẹ̀,” mo ní.

“Ọwọ́ mi ò tó o. Ẹ̀yìn ni kókó ọ̀já wà.”

Mo wá tèmi. Ẹ̀yìn náà ló wà. Ta ló máa ń ta kókó ọ̀já sẹ́yìn? Iṣu ní, “Ẹ̀yin náà ni.”

Kò sí ọgbọ́n mìíràn. Kí ọwọ́ mi tó lè dé kókó tirẹ̀, àfi kí n gbá a mọ́ra, kí òun náà gbá mi mọ́ra. A dúró, à ń wo ara wa.

“Ìwọ kọ́kọ́ wá.”

“Ìwọ ni kó o wá.”

Àwọn ọlọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tóbi sí i. Ni mo bá ṣí ẹsẹ̀. Mo di kókó náà mú, mo ń fà á, mo ń fà á.

“Bàbá Ìbídùn! Ẹ fẹ́ já mi lórí ni?”

Ìyàwó mi ni. Kókó ìborí tó fi sùn ló wà lọ́wọ́ mi.

“Ta lẹ sì ń bẹ̀ pé kó má bínú?”

“Fẹ́híntọlá ni.”

“Kì í ṣe orí mi ló ń gbé. Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ẹ dìde.”

Mo wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo lọ. Fẹ́híntọlá ń rin pákò lẹ́nu ọ̀nà, àpótí ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí aṣọ kún bò. Mo ní, “Má bínú. O ṣàìsàn, mi ò wá. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ṣẹ Ọlọ́run.”

Ó yọ pákò lẹ́nu. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Èmi náà ò wá síbi ìsìnkú Màmá,” ó ní. “Màmá tó máa ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún mi.” Ó bú sẹ́kún, èmi náà bú sẹ́kún. “Ọdún mẹ́ta, Bàbá Ìbídùn! Ọ̀la ni mò ń lọ.”

Mo ní òní ṣì wà. Ó nu ojú, ó tẹ àpótí náà, kò pa dé. Mo tẹ̀ ẹ́, kò pa dé. Ìgbà tí àwa méjèèjì jókòó lé e ló tó pa dé.