Asálà Méje Lábẹ́ Ọmọrí

Ọlátúnjí gé gátò náà, kéèkì àwọn Faransé, ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi sẹ́nu, ó sì dúró gbọnin bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lójú títì. Gátò náà korò. Kì í ṣe ìkorò tí ènìyàn lè fi ṣúgà bẹ̀; ìkorò ewúro tí wọn kò fọ̀ ni. Ó tu ú sínú áńkáṣíìfù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnìkan nínú ilé tí ì bá rí i bó bá tu ú sílẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé ti lù. Ọmọ́yẹmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti wọ bọ́ọ̀sì láti Kútọnu kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì dé Parakou ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán.

Ó ṣí fìlà funfun rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Fìlà yìí àti ẹ̀wù funfun tó bá a lọ, tí wọ́n fi òwú búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sí láyà, ni òtẹ́ẹ̀lì fi ta á lọ́rẹ ní ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ń dá gbé ilé ní àdúgbò Titirou, tí kò sí ẹni tí ń wò ó àfi alángbá ara ògiri, lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dáná. Ọlátúnjí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olórí alásè. Mínísítà kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ rí nítorí ọbẹ̀ ẹja. Mínísítà náà ti kúrò lórí àga, ó ti kúrò láyé pàápàá, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ náà kò tíì kú. Àlejò kì í mu omi tán nínú ilé Ọlátúnjí kó tó gbọ́ nípa rẹ̀.

Gátò ti òní kì í ṣe ti fáàrí nìkan. Ẹjọ́ kan ló fẹ́ fi í rò. Láti oṣù méjì tí Dúródọlá ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Ọmọ́yẹmí ń pè é lórí fóònù pé kí ló jẹ, òun náà á sì máa ka orúkọ oúnjẹ Faransé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ilé ìwé. Ọmọ́yẹmí gbà á gbọ́, títí ó fi bá Sẹ̀kínátù tó ń gbé lẹ́yìn odi sọ̀rọ̀. Sẹ̀kínátù sọ ohun tó rí nínú agbọ̀n ìdọ̀tí: èèpo búrẹ́dì àti agolo sàdíìnì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọmọ́yẹmí sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè pé òun ń bọ̀ ní Sátidé, àti pé bí òun bá bá búrẹ́dì nílẹ̀, ẹrù Bàbá ni òun máa dì. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ òun àti ọkọ òun.

Ọlátúnjí mọ yàrá náà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ń pe ènìyàn ní Ṣẹ́ẹ̀fù ní àdúgbò yẹn. Bàbá ìyàwó ni wọn yóò máa pè é, wọn yóò sì máa gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Nítorí náà ló ṣe pinnu pé òun yóò se àsè tí yóò pa Ọmọ́yẹmí lẹ́nu mọ́. Ohun tí yóò fi sè é sì wà nílẹ̀, nínú àpò kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: asálà, tí àwọn mìíràn ń pè ní àwùsá.

Asálà ni òwò Dúródọlá. Bí ìgbà rẹ̀ bá ti dé, á sè é, á sì tà á lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà wọn. Ọlátúnjí kò sọ rí pé kó má tà á. Ó kàn máa ń kí i níbẹ̀ bí a ti ń kí ará àdúgbò ni, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan láti òtẹ́ẹ̀lì bá sì fi ọkọ̀ gbé e wálé, á ní kí wọ́n já òun sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ títì, pé òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Awwal, awakọ̀ tó máa ń kó asálà wá láti apá Nàìjíríà, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò náà. Kò tíì gbọ́ pé Dúródọlá ti kú. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó lórí àpò, ó fi fìlà bo ojú. Ọlátúnjí ní kó gbé e padà, ó kọ̀. Ó ní Ìyá ló ní kí òun gbé e wá, Ìyá ló ni ín.

Láti ọjọ́ náà ni Ọlátúnjí ti ń yí àpò náà ká bó bá ń lọ sí yàrá. Ìgbà tí Ọmọ́yẹmí ní òun ń bọ̀ ló tó rántí èso kan tó ń bá bàálù wá sí òtẹ́ẹ̀lì láti Faransé nínú ọ̀rá, tí wọ́n ń pè ní nuwà, tí ara rẹ̀ hun jọ bí ọpọlọ ewúrẹ́. Ó mọ nuwà sè ní dídùn, ó mọ̀ ọ́n sè ní oníyọ̀: gátò olóyin, adìyẹ nínú ọbẹ̀ nuwà, ewé tútù pẹ̀lú wàrà. Ó fọ́ asálà kan, ó rí i pé òun náà pín sí méjì nínú. Ó wò ó títí, ó sì dájọ́ pé ìbátan ni wọ́n. Ọ̀kan lọ sí ilé ìwé, èkejì kò lọ.

Ìkorò òwúrọ̀ yìí ni ohun tí ìbátan náà wá fi ojú rẹ̀ rí.

“Bàbá Ṣẹ́ẹ̀fù, kí ló jóná lọ́dọ̀ yín?” Sẹ̀kínátù ló yọ orí lókè odi, tòun ti ìbòrí rẹ̀.

Ọlátúnjí ní kò sí ohun tó jóná, pé gátò asálà ni òun ń dán wò. Sẹ̀kínátù béèrè bó ṣe sè é. Ó ní òun kò sè é, òun fọ́ ọ, òun gún un, òun sì dà á mọ́ ìyẹ̀fun, bí wọ́n ti ń ṣe nuwà. Ẹ̀rín pa obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi di odi mú.

“Tútù? Áà, Bàbá. Ẹ ó kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ tòun tèèpo ni, pẹ̀lú iyọ̀, títí ọwọ́ á fi lè fọ́ èèpo rẹ̀. Ìkorò yẹn á lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yín kọ́. Ìyá ló ń sè é, jíjẹ ni tiyín.”

“Jíjẹ wo?”

“Ẹ má dá mi lóhùn bí ẹni tí n kò mọ̀. Ìyá kì í fi pamọ́ fún wa. Ó ní ẹni tó ń dáná fún mínísítà, asálà òun ló ń jẹ kó tó sùn.”

Ọlátúnjí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ti mọ̀ pé bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹni, àwọn ènìyàn a máa bu ọ̀rọ̀ fúnni bí wọ́n ti ń bu oúnjẹ, láìbéèrè bóyá èèyàn ń jẹ irú rẹ̀.

Ó gbé ìkòkò ńlá Dúródọlá kaná. Nígbà tí omi hó, òórùn asálà kún ilé, òórùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó ti na ọwọ́ sí fèrèsé láti ṣí i, bó ti ń ṣe láti ogójì ọdún, kó tó rántí pé kò sí ẹni tí òun ń fi ṣíṣí náà bínú sí mọ́. Ó fi fèrèsé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní títì.

Nígbà tí Ọmọ́yẹmí sọ̀ kalẹ̀ lórí sẹ́míjàn, ọ̀kadà ibẹ̀, ohun gbogbo ti dúró sí ipò rẹ̀. Aṣọ funfun wà lórí tábìlì, ìwé kékeré kan tí Ọlátúnjí kọ orúkọ oúnjẹ sí dúró ti ife gíláàsì. Ó tọ́ ohun gbogbo wò bí alásè ti ń tọ́ ọ wò, ní orí ṣíbí, ṣùgbọ́n kò mu omi kankan láti òwúrọ̀. Ó ní alásè tòótọ́ kì í mu omi kí àlejò tó jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin náà.

Ọmọ́yẹmí kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ẹ̀wù funfun, ó wo ìwé kékeré, ó wo ọrùn Bàbá tó ti tín nínú kọ́là. Ó jókòó, ó sì jẹun. Wagási, wàrà àwọn Fúlàní, ni Ọlátúnjí dín, tó fọ́n asálà lé lórí pẹ̀lú ewé tútù. Adìyẹ tẹ̀ lé e, nínú ọbẹ̀ asálà tó ki, tó funfun. Lẹ́yìn náà ni gátò olóyin, ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí kò korò mọ́. Ọmọ́yẹmí jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún fún òun ní gátò. Ọlátúnjí rí i pé ẹjọ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn mínísítà.

Ó bu omi tútù láti inú fíríìjì sínú ife méjèèjì, ó gbé tirẹ̀ sókè bí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń ṣe, ó dà á sọ́fun. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó gbé ife náà síwájú ìmọ́lẹ̀, ó yí i.

“Kí ló ṣe omi yìí? Omi ẹ̀rọ ni o. Ó korò. Ọmọ́yẹmí, má mu ún, wọ́n ti da nǹkan sómi ìlú yìí.”

Ọmọ́yẹmí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ife tirẹ̀ láti ìgbà tó ti jókòó. Ó ń wo bàbá rẹ̀.

“Bàbá, asálà lẹ jẹ.”

“Mo mọ̀ pé asálà ni mo jẹ, èmi ni mo sè é.”

“A kì í mu omi lé asálà. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ẹnu ni asálà ń sọ di kíkorò, kì í ṣe omi.” Ó ti ife tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ẹ ò jẹ asálà rí láyé yín.”

Kì í ṣe ìbéèrè. Ọlátúnjí fi ife sílẹ̀. Ọdún méjìlélógójì ló fi gbé pẹ̀lú obìnrin tó ń ta asálà.

“Abọ́ tánganran yẹn ńkọ́?” ni Ọmọ́yẹmí wí. “Èyí tó ní ọmọrí. Alaalẹ́ ni Màmá ń gbé e sórí tábìlì yìí dè yín. Méje-méje. Ó máa ń yan àwọn tó tóbi jù.”

“Mo rò pé tiyín ni.”

“Kì í ṣe tiwa. Àwa ni a ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti sùn, a ó jí, a ó jẹ ẹ́, a ó sì dá èèpo padà sínú abọ́. Màmá á ṣí i láàárọ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, ‘Bàbá yín. Agbéraga tí ń jẹun lókùnkùn.’ Kò bi yín rí, torí kó má bàa dójú tì yín. A fẹ́ sọ fún un nígbà tí a dàgbà. Inú rẹ̀ ń dùn jù.”

Ọlátúnjí ń wo aṣọ tábìlì. Ó rántí pé nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ tán, tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, abọ́ náà kò yé wá sórí tábìlì. Ọjà tó ṣẹ́kù ló kà á sí. Láàárọ̀, kí Dúródọlá tó padà láti ibi tó ti ń pọn omi, á da méje náà sọ́wọ́ ọmọ ilé ìwé tó bá ń kọjá, á sì dá abọ́ padà ní òfìfo. Èyí ni kò sọ fún Ọmọ́yẹmí. Ó fẹnu mọ́ ọn, ẹnu tó korò.

Ọmọ́yẹmí kò sunkún. Ó kó àwo, ó fọ̀ wọ́n, ó gbá ilé ìdáná. Nígbà tó padà wá, ó nu ọwọ́ sára aṣọ rẹ̀, ó ní, “Èmi ṣì fẹ́ di ẹrù yín o. Oúnjẹ yìí dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Ta ni ẹ máa sè é fún lọ́la?”

Láyé ìgbà tó wà nínú ẹ̀wù funfun, ẹnìkan kò bi Ọlátúnjí ní ìbéèrè tó le tó báyìí. Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a, ó gbé e lé orí àga. Ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì.

“Jẹ́ kí n jẹ àpò yìí tán ná,” ló wí.

“Ìgbà wo ni yóò tán?”

“Méje lójúmọ́.”

Ọmọ́yẹmí yíjú sí àpò tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àpò náà tóbi tó ẹni tó jókòó. “Yóò ti jẹrà kó tó tán, Bàbá.”

“Awwal á gbé òmíràn wá.”

Ọmọ́yẹmí wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ gan-an, tó jẹ́ pé imú ló ti ń jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kútọnu. Báàgì kan péré ló gbé lọ, èyí tó gbé wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọlátúnjí bọ asálà pẹ̀lú iyọ̀, kò fi ohunkóhun mìíràn sí i. Ó wá abọ́ tánganran títí ó fi rí i lẹ́yìn ìkòkò. Ó yan méje, ó dá mẹ́ta padà, ó wá àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ. Ó fi ọmọrí dé e, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó díẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Sẹ̀kínátù kí i láti òdìkejì. Ó dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló wọlé bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ó ṣí ọmọrí. Ó jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìdúró, láìtan iná, ó sì dá èèpo padà sínú abọ́ ní gbangba, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ jí láàárọ̀ yóò ti rí i. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kò mu omi.