Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ Mẹ́ta

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ẹnu Olúwalóṣèyí náà ló kó o dé abẹ́ igi kòkó ní Atosin láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìbọn afẹ́fẹ́ lórí itan rẹ̀, bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àdúrà kan ṣoṣo ní àyà rẹ̀: kí ọ̀kẹ́rẹ́ kankan má wá.

Kì í ṣe ọdẹ. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Àkúrẹ́, ilé àwọn òbí rẹ̀ sì wà ní Òdóde, níbi tí àpáta ńlá ti di ògiri ẹ̀yìnkùlé fún wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ìbọn náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń kó lọ sókè òkun, Lóṣèyí sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀ bó ti yẹ. Ìbọn tí kì í lo ẹ̀tù ni. Èèyàn á ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ wálẹ̀, á ki ọta òjé kan tí kò tó hóró ẹ̀wà sí i, á dá a padà. Afẹ́fẹ́ ni yóò ti ọta náà jáde. Agolo mílíìkì ni Lóṣèyí máa ń yìn ín sí. Á to mẹ́fà sórí àpáta, á rìn sẹ́yìn títí wọn á fi kéré bí àtàǹpàkò, á sì máa já wọn bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkàn rẹ̀ á wá balẹ̀, wàhálà ọ́fíìsì á kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yìn ín sí ohun ẹlẹ́mìí. Àdàbà kan bà sórí àpáta náà, ó yìn ín, ẹyẹ náà bọ́ sílẹ̀, kò sì kú bọ̀rọ̀. Lóṣèyí dúró tì í, kò mọ ohun tí yóò ṣe, ẹyẹ náà ń ṣẹ́jú sí i títí ojú rẹ̀ fi dákẹ́. Kò lè jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé agolo ti tó òun.

Ṣùgbọ́n kí ló wá sọ fún Tófúnmi? Nọ́ọ̀sì ni Tófúnmi, ó rẹwà, ó mọ ẹ̀rín rín, ọkùnrin tó bá sì ń wá ojúure irú ẹ̀ kì í sọ pé àdàbà ba òun nínú jẹ́. "Ohun tí mo bá ti na ìbọn sí, ó ti di ẹran ọbẹ̀," ni Lóṣèyí wí. Tófúnmi gbà á gbọ́. Ó ròyìn rẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ tán, ó tún ròyìn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá Dúrójaiyé, bàbá Tófúnmi, ti ṣọdẹ fún ogún ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kòkó nìkan ló kù tó ń ṣe báyìí, òun àti àdúrà àárọ̀ nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ó pe Lóṣèyí wá sí abà rẹ̀ ní Atosin.

"Ọma mi, ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ jẹ mí tán," ó ní. "Wọ́n á dá ihò sí kòkó lára, wọ́n á mu omi dídùn inú ẹ̀, ìyókù á jẹrà. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni a máa bá ni roko. Èmi ò ní kí o roko. Gbé ìbọn rẹ wá bá mi pa wọ́n, lẹ́yìn náà ká wá dá ọjọ́ ìdána yín."

Ta ló ń sọ pé rárá fún àna? Lóṣèyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, sà." Báyìí ni ẹja ṣe ń wọ ìgèrè. Ẹnu ọ̀nà fẹ̀ dáadáa, ìgbà tó bá fẹ́ jáde ló máa tó mọ̀ pé ọ̀nà ò sí.

Sátidé àkọ́kọ́, òun nìkan ló wọ oko. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan wá, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pa kòkó lára bí ẹni pé òun ló gbìn ín. Lóṣèyí na ìbọn sí i. Ìka rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó gun ọ̀kadà lọ sí Owena, ó ra ọ̀kẹ́rẹ́ tútù lọ́wọ́ Ìyá Blessing tó ń ta ẹran ìgbẹ́ létí títì, èyí tí okùn wáyà mú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta, ó ki ọta, ó sì yìn ín lórí gẹ́lẹ́. Kò tàsé. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin tó ń yìnbọn pa òkú!

Ó mọ̀ pé láàárín ọdẹ, àgbà ló ni orí ẹran. Ìyẹn nìkan ló mọ̀ nínú iṣẹ́ ọdẹ, ó sì fi ń yangàn. Ó gé orí náà, ó gbé e fún Bàbá Dúrójaiyé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "O ṣeun, ọma mi." Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Sátidé kẹta, bẹ́ẹ̀ náà.

Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ Atosin ò sì gbọ́ pé wọ́n ti kú. Ńṣe ni kòkó oníhò ń pọ̀ sí i. Inú oorun ni Lóṣèyí ti ń rí wọn. Bó bá sọ òtítọ́, ó ti di òpùrọ́, kò sí òpùrọ́ tí wọ́n ń fọmọ fún. Bí kò bá sì sọ ọ́, Ìyá Blessing lòun máa máa sá tọ̀ títí ayé. Ó wá ọ̀nà kẹta títí, kò rí i.

Sátidé kẹrin ni Bàbá gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá sábẹ́ igi. "Lónìí," ó ní, "èmi àti ìwọ la jọ máa ṣọ́ wọn."

Wọ́n jókòó. Ìrì ń kán látorí ewé kòkó. Òógùn ti mú ẹ̀yìn Lóṣèyí, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì yọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá á yíjú wò ó, á dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan, á tún gbójú kúrò. Lóṣèyí rò pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń retí. Ó la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì láti sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ó wúkọ́. Ìgbà kejì, ó ní òtútù ń mú.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá lóòótọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lára igi, ó ń ju ìrù, ó dúró sórí ẹ̀ka tí kò jìnnà ju ibi tí agolo máa ń wà lọ.

"Òun nìyẹn," ni Bàbá wí wúyẹ́wúyẹ́.

Ojú Bàbá ń jó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Lóṣèyí ro Tófúnmi, ó ro ìdána, ó ro gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ fún. Ó di ojú, ó fa ìbọn.

Ẹ̀yìn ni ọta ti bà á. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà jábọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́ ara rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ, ó ń ké ní ohùn tín-ín-rín. Bàbá ò mira.

"Parí ẹ̀," ó ní.

Lóṣèyí ṣẹ́ ìbọn wálẹ̀. Ọta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá a láàárín ewé, kò rí i, ó mú òmíràn. Omi ti bo ojú rẹ̀. Nígbà tó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ariwo náà dákẹ́, gbogbo oko sì dákẹ́ tẹ̀lé e.

Bàbá dìde, ó gbé ẹran náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ náà sí Lóṣèyí. "O rí i? Ẹ̀jẹ̀. Ẹran tó bá ti kú kì í ṣẹ̀jẹ̀ báyìí. Orí mẹ́ta lo gbé fún mi, ihò ara wọn mọ́ nigín-nigín. Àpá wáyà sì wà lọ́rùn wọn."

Lóṣèyí ti wà nílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?" ni Lóṣèyí tún béèrè látilẹ̀.

"Láti orí àkọ́kọ́." Bàbá jókòó padà. "Àbúrò mi ò lè pa adìyẹ títí tó fi kú, kò sì sí ọkùnrin tó dáa tó o. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ń retí kí o sọ ọ́ ni. Láàárọ̀ yìí gan-an, mo jókòó tì ọ́ kí ó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Dípò kí o sọ ọ́, o pa á." Ó wo ẹran tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀rù mi ló mú ọ ṣe ohun tí o kórìíra. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù ẹlòmíràn bá bà ọ́, kí lo máa fi ọma mi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Lóṣèyí lára ju pé kí wọ́n nà án lọ. Ó dìde lórí eékún.

"Bàbá, mi ò ní yìnbọn nínú oko yín mọ́."

"Kòkó mi ń kọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní yìn ín mọ́."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mí kanlẹ̀. "Ó pẹ́ kí o tó dé ibi òtítọ́," ó ní. "Ti èmi ti tán nìyẹn. Ó ku kí o sọ ọ́ fún ẹni tó máa bá ọ gbé."

Tófúnmi ń bọ̀ lójú ọ̀nà oko, ó gbé oúnjẹ àárọ̀ wọn sórí, ó ti gbọ́ ìró ìbọn. "Ọdẹ mi!" ó ń pariwo bọ̀. "Mo gbọ́ ọ o! Mélòó lo pa?"

Lóṣèyí wo Bàbá. Bàbá ti yíjú sí ibòmíràn.

Lóṣèyí rìn pàdé Tófúnmi lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. "Tófúnmi, sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ ná," ó ní. "Irọ́ ni mo ń pa fún ọ látìbẹ̀rẹ̀."

Tófúnmi ò sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ̀rín tó gbé bọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń retí kí Lóṣèyí sọ èyí tó kù.