Wọ́n Wá Wo Ọ̀bọ ní Ìrè

"Abọ́sẹ̀dé! Mo ní kí o tú pákó yẹn kúrò lára igi mi!"

"Igi ta ni?" Abọ́sẹ̀dé fún okùn rẹ̀ le sí i. KÁÀBỌ̀ SÍ IGBÓ ÌRÈ ni wọ́n kọ sára pákó náà.

Ojú Bàbá Àhmọ́dù onígẹdú ti wọ igbó náà tipẹ́. Ìpàdé ìlú sì ti là á mọ́lẹ̀: bí àlejò kò bá wá wo igbó náà àti ọ̀bọ inú rẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kí Àhmọ́dù máa gé e. Òjò sì ti ń ṣú. Láti ìgbà tí Abọ́sẹ̀dé àti Emmanuel ti yọ̀ǹda ara wọn láti máa kí àlejò níbẹ̀, ewúrẹ́ Bùsáyọ̀ aládùúgbò wọn nìkan ló ti yà sọ́dọ̀ wọn. Emmanuel sì kí i káàbọ̀.

"Ta ní máa fi ulé rẹ̀ sílẹ̀ wá wo igi?" Àhmọ́dù bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé kò sígi nílùú tiwọn ni?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí bọ́ọ̀sì kan fi dúró. Alhaja Mùnírà láti Ùsì ló kọ́kọ́ sọ̀, àwọn obìnrin àsálátù rẹ̀ tò tẹ̀lé e, tàwọn ti kúlà oúnjẹ.

"Ọ̀bọ la wá wò o!"

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. Ní Ìrè, ẹni tí o kò bá bi léèrè ilé bàbá rẹ̀, o kò tíì kí i.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Agbo ilé wo ni ní Ùsì? Ṣé ẹ lẹ́bí níbí?"

"Ó kù díẹ̀ ká ní," ni Alhaja fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ mi, Àmírà, fún Kàmálù kan tó ń tún fíríìjì ṣe. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Kàmálù oní-fíríìjì kan ṣoṣo ló wà ní Ìrè. Bàbá tó bí i, Àhmọ́dù, ló na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà igbó yẹn, tó ń pariwo sáwọn agégi rẹ̀ débi pé kò gbọ́ nǹkan kan.

Abọ́sẹ̀dé sáré lọ bá a. "Bàbá, ẹ rọra. Àlejò yìí..."

"Kí n rọra kẹ̀? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ padà! Ẹ ò níṣẹ́ ni? Ẹ ò lọ́kọ ni?"

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ mi ná."

"Panu mọ́! Ẹ wo àgbàlagbà obìnrin tó ń wá ọ̀bọ kiri inú igbó! Ọmọ tí irú èyí bá tọ́, ta ló máa fẹ́ ẹ?"

Abọ́sẹ̀dé gbìyànjú, ẹ ò lè ní kò gbìyànjú. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́; Emmanuel ti sọ ẹni tí bàbá náà jẹ́ sí Alhaja létí.

"Ọmọ yín ni," ni Alhaja dá a lóhùn. "Kàmálù."

Apá Àhmọ́dù wálẹ̀. Eékún rẹ̀ tẹ̀lé e. Káwọn agégi tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀gá wọn ti na gbalaja sórí ewé gbígbẹ, fìlà rẹ̀ ń yí lọ.

"Àna mi! Ẹ dákun! Ẹ wọlé, ẹ wo ọ̀bọ tẹ́rùn!"

"Ẹ má tíì dìde." Alhaja ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. "Sátidé ṣì dúró. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé igi kan wó nínú igbó yìí, ẹ má wulẹ̀ wọkọ̀ láti Ìrè."